Lódìn tàbí owó àgbèrò? Ìtàn àwọn òkè ọmọlẹ́yìn

Ọ̀rẹ́ wa kan tó ń kọ́ físíìsì sọ fún wa ní Kétu pé Yorùbá kò lè ṣàlàyé ohun tí òun ń kà. A ní kó jẹ́ ká gbìyànjú.

Ní 1887, Heinrich Hertz ní Jámánì ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú ò rí máa ń mú kí iná mànàmáná tètè fò láti orí irin kan sí èkejì. Einstein ṣàlàyé rẹ̀ ní 1905: ẹyọ ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń wá, ẹyọ kan sì lè lé elẹ́kítírọ́ọ̀nù kan jáde. Láàárín ọdún 1950 sí 1960, Kai Siegbahn ní Uppsala, ní Sweden, ń fi X-ray lé wọn jáde, ó sì ń wọn agbára tí wọ́n gbé dání. Iṣẹ́ yìí ló fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1981. Tí a bá ya ìwọ̀n náà sórí ìwé, òkè gíga kan á yọ, àwọn kéékèèké á sì tẹ̀ lé e.

Àwọn ọmọlẹ́yìn yìí ló gbà wá lọ́kàn. Lára aluminium, tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò ọbẹ̀, ọmọlẹ́yìn kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí eV 15 dín sí èyí tó ṣáájú rẹ̀. Iye kan náà ṣá ni, bí ìgbà tí dánfó ń ti Mile 12 lọ sí Òjótà, tí àgbèrò ń gba iye kan náà ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ṣé àgbèrò ló gbà á lóòótọ́? Ó lè jẹ́ lódìn ni, tí wọ́n ti gbà nínú gáréèjì kí mọ́tò tó gbéra. Kíka owó ọwọ́ kọ̀ńdọ́ nìkan kò lè sọ èyí tó jẹ́. Ohun tí àwọn onímọ̀ bá ara wọn fà nìyẹn: ṣé bí elẹ́kítírọ́ọ̀nù ṣe ń kúrò lára átọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ti pàdánù agbára, àbí lójú ọ̀nà?

Ní 1970, Siegbahn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń yí ègé iyọ̀ kan síbí sọ́hùn-ún, wọ́n sì rí i pé iye elẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń jáde ń pọ̀, ó ń dín, bí igun ṣe ń yí. Ìdí ni pé elẹ́kítírọ́ọ̀nù ń rìn bí ìgbì omi, àwọn átọ́ọ̀mù tó yí i ká sì ń darí rẹ̀. Photoelectron diffraction ni wọ́n ń pe èyí. Ní 1990, Osterwalder àti àwọn mẹ́ta mìíràn yà á fún aluminium, fún òkè gíga àti fún àwọn ọmọlẹ́yìn. Àpẹẹrẹ òkè gíga ṣì hàn lára ọmọlẹ́yìn: owó dín, ọ̀nà kò fi bẹ́ẹ̀ yà. Lójú tiwa, ìyẹn nìkan kò parí ẹjọ́, torí ẹni tó mọ ọ̀nà tí mọ́tò gbà lè má mọ ẹni tó gbowó. Méjèèjì ló wà níbẹ̀, lódìn àti àgbèrò; èló ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan ni iṣẹ́.

Ọ̀rẹ́ wa rẹ́rìn-ín nígbà tó gbọ́ "lódìn". Lẹ́yìn náà ló béèrè ohun tí a ó máa pe diffraction ní Yorùbá. A ṣì ń wá a.