Wọ́n rẹ́ yín jẹ níbi iṣẹ́ ní Texas? Ọjọ́ 180 lẹ ní láti fẹjọ́ sùn

Ọmọ Yorùbá pọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní Houston àti Dallas. Tí ọ̀gá bá fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ torí bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀, tó tún wá lé wọn níṣẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ti HR ná." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti ń bàjẹ́, torí òfin ò dúró de HR.

Ta lòfin dáàbò bò?
Òfin Texas ò fàyè gbà á kí wọ́n rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ torí ẹ̀yà, àwọ̀, orílẹ̀-èdè tó ti wá, ẹ̀sìn, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àìpé ara, tàbí ọjọ́ orí fún ẹni tó ti pé 40. Láti oṣù Kẹsàn-án 2023, irun dídì àti dada náà ti wọ inú ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ní òṣìṣẹ́ 15 sókè lòfin náà mú. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá di ọmọ Amẹ́ríkà.

Níbo lẹ máa lọ?
Àjọ Texas Workforce Commission, ẹ̀ka Civil Rights Division. Wọn kì í gbowó. Ẹ̀sùn náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ, kẹ́ ẹ sì búra sí i.

Ìgbà wo lọjọ́ bẹ̀rẹ̀?
Ọjọ́ tí wọ́n sọ fún yín pé wọ́n ti dá yín dúró ni, kì í ṣe ọjọ́ tẹ́ ẹ kó ẹrù yín. Tó bá jẹ́ March 1, August 28 ló parí. Tí 180 bá ti kọjá, EEOC ti ìjọba àpapọ̀ ṣì ń gba ẹ̀sùn títí di ọjọ́ 300, àmọ́ ẹ ò ní lè lo òfin Texas mọ́.

Lẹ́yìn náà ńkọ́?
Àjọ náà á fi ẹ̀sùn yín tó ilé iṣẹ́ létí, á sì wádìí ọ̀rọ̀. Tí ọjọ́ 180 bá kọjá láìsí àbọ̀, ẹ lè béèrè ìwé àṣẹ láti lọ sílé ẹjọ́. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gbà á, ọjọ́ 60 péré lẹ ní.

Tí wọ́n bá torí ẹ̀sùn yìí fìyà jẹ yín, ẹ̀sùn tuntun nìyẹn, ọjọ́ tiẹ̀ náà sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ máa bá HR sọ̀rọ̀ lọ o, àmọ́ ẹ ti sàmì sí kàlẹ́ńdà yín lónìí.