Orin Létí Ẹni tí Ń Kàwé

Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni orin ti jẹ́ olùrànlọ́wọ́ iṣẹ́ láàárín wa. Àgbẹ̀ a máa kọrin bí ó ti ń kọ ebè. Ní ilé-ìwé pẹ̀lú, orin ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọdé ní á-bí-dí. Abájọ tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ fi gbà pé bí orin bá ń dún létí àwọn nígbà tí àwọn ń kàwé, ẹ̀kọ́ yóò tètè wọ àwọn lórí. Ẹ jẹ́ kí a wádìí bí ìgbàgbọ́ yìí ti gbilẹ̀, kí a sì ya ìyàngbò kúrò lára ọkà.

Ní ọdún 1993, Frances Rauscher àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ní Yunifásítì California, ní ìlú Irvine ní Amẹ́ríkà, dán akẹ́kọ̀ọ́ 36 wò. Nígbà kan wọ́n gbọ́ orin dùùrù Mozart fún ìṣẹ́jú 10. Nígbà mìíràn wọ́n jókòó ní ìdákẹ́rọ́rọ́. Lẹ́yìn náà ni a ní kí wọn fi ojú inú wo bí tákàdá tí a ká tí a sì gé yóò ti rí bí a bá tú u. Wọ́n ṣe dáradára jù lẹ́yìn orin Mozart, ṣùgbọ́n àǹfààní rẹ̀ kò pẹ́ ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 lọ. Ẹ kíyèsí ohun méjì: orin ti dákẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a kò sì dán agbára ìrántí wọn wò.

Síbẹ̀ òkìkí kàn pé orin Mozart a máa sọ ènìyàn di ọlọ́gbọ́n. Ní 1998, Zell Miller, gómìnà Georgia, bèèrè 105,000 dọ́là kí a lè fún gbogbo ọmọ tuntun ìpínlẹ̀ náà ní irú orin bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 1999, Kenneth Steele àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún ìdánwò náà ṣe, wọn kò sì rí àǹfààní kan dì mú. Ní 2001, William Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tú ìdí ọ̀rọ̀: orin Mozart tí ó yá tí ó sì lárinrin ran àwọn olùgbọ́ lọ́wọ́; orin Albinoni tí ń falẹ̀ tí ó sì bani nínú jẹ́ kò ràn wọ́n. Kì í ṣe pé orin fi ọgbọ́n sí wọn lórí. Ọkàn wọn ni ó jí.

Ti ìrántí ńkọ́? Ní 1989, Pierre Salamé àti Alan Baddeley ní kí àwọn ènìyàn há nọ́ńbà sórí ní ṣíṣẹ̀-n-tẹ̀lé nígbà tí orin ń dún. Orin tí a fi ohùn kọ ba iṣẹ́ wọn jẹ́ ju èyí tí ó jẹ́ ti ohun èlò nìkan lọ. Ẹni tí ń há nǹkan sórí a máa sọ ọ́ sínú ara rẹ̀ léraléra. Bí ọ̀rọ̀ olórin bá wọlé, a bá tirẹ̀ du àyè.

Orin á-bí-dí kò tako èyí, nítorí ẹ̀kọ́ tìkára rẹ̀ ni a fi kọrin. Orin ebè kò sì tako ó: ọwọ́ àgbẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe lé orin jáde ní ilé-ìwé. Ẹ fi í sí àyè rẹ̀. Orin òwúrọ̀ kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀ a máa gbé ọkàn ọmọ sókè. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ó bá rẹ̀ yín, ẹ gbọ́ orin kí ẹ tó ṣí ìwé. Ṣùgbọ́n bí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, tí ẹ sì ń há ẹ̀kọ́ sórí, ẹ pa orin náà. Ọmọ tí ó bá gba olórin lálejò ní gbogbo òru lè jí lówùúrọ̀ kí ó bá orin lórí ara rẹ̀, kí ó sì wá ẹ̀kọ́ tì.