Láti Orí Òkè Dé Inú Kólò: Bí Ará Ṣábẹ Ṣe Ń Gba Ara Wọn Lọ́wọ́ Ìṣòro

Òkè ni àlejò kọ́kọ́ ń rí ní Ṣábẹ, ní Olómìnira Benin. Àpáta ràbàtà ni wọ́n, wọ́n yọ sókè bí ọmú, ọmú náà sì làwọn Faransé fi sọ wọ́n lórúkọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, nígbà tí ọmọ ogun Dàhòmì ń ti Àgbómẹ̀ wá kó èèyàn lẹ́rú, àárín àpáta wọ̀nyí ni ará Ṣábẹ ń sá sí. Ta ló lè dá arúgbó, aboyún àti ọmọ ọwọ́ gbé gun òkè? Ẹni tó bá sì sọ̀ kalẹ̀ lẹ́yìn ogun, igbó ló máa bá nínú oko. Apá ilé kan ṣoṣo kì í ká a.

Irú ibẹ̀ ni àáró àti ọ̀wẹ̀ ti ń wúlò. Àwọn èèyàn máa ń da méjèèjì pọ̀ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Gbèsè wà nínú àáró: ẹni tí wọ́n bá kọ ebè fún lónìí gbọ́dọ̀ lọ kọ ti ẹlòmíì lọ́túnla, ọjọ́ fún ọjọ́. Ọ̀wẹ̀ ò ní ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ kọ́lé, tó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, tàbí tí àìsàn dá dùbúlẹ̀ nígbà tí koríko ń bo iṣu mọ́lẹ̀, ọ̀wẹ̀ ló máa bẹ̀. Bó bá lágbára, á wá oúnjẹ àti ohun mímu sílẹ̀, ó parí. Opó àti aláìsàn kò lè dá àáró padà. Ọ̀wẹ̀ ló mọ̀ wọ́n.

Nígbà tí owó gbòde, èsúsù ṣe bíi ti àáró. Owó ló rọ́pò ọkọ́: ẹni mẹ́wàá á dá iye kan náà, ẹnì kan á kó o, títí yóò fi yí gbogbo wọn ká. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e sọdá òkun, susu ni wọ́n ń pè é ní Trinidad títí dòní. Alájọ ọjà tún yàtọ̀. Ojoojúmọ́ ló ń gbowó, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì jẹ́ tirẹ̀. Tontine ni ìwé ìjọba ní Olómìnira Benin ń pe gbogbo rẹ̀, látara orúkọ Lorenzo Tonti, ará Ítálì tó gbé ètò owó kan tọ ìjọba Faransé lọ ní 1653. Tonti ò mọ Ṣábẹ, ìyá alátà ní Ṣábẹ ò sì mọ Tonti.

Ní 1911 ni ojú irin láti Kútọnu dé Ṣábẹ. Ibẹ̀ ló parí sí fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tẹ̀síwájú dé Pàrákú. Ibi tí ọkọ̀ bá parí sí ni àlejò ń pọ̀ sí, oníkálukú pẹ̀lú ẹ̀sìn rẹ̀, ẹ̀sìn kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kólò rẹ̀. Zaka àwọn Mùsùlùmí ní òfin: ìdá kan nínú ogójì owó tó bá pé odindi ọdún lọ́wọ́ ẹni, fún irú èèyàn mẹ́jọ tí Kùránì kà, tálákà ló ṣíwájú wọn. Kíláàsì àwọn Mẹ́tọ́díìsì, tí Thomas Birch Freeman gbé ìjọ wọn dé Dàhòmì ní 1843, ní ìtàn tó pani lẹ́rìn-ín. Ní Bristol, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1742, gbèsè ilé ìjọsìn ni wọ́n fẹ́ san. Wọ́n ní kí aṣíwájú máa lọ láti ilé dé ilé gba kọ́bọ̀ kan lọ́sẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ìjọ méjìlá. Bó ṣe ń wọlé gbowó ló ń rí ẹni tí ara rẹ̀ ò yá àti ẹni tí ebi ń pa. Alájọ kúkú ni!

Kò rọrùn kí kólò wọ̀nyí dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ níbi tí ẹ̀gbọ́n jẹ́ Alhaji, tí àbúrò jẹ́ Àgùdà, tí bàbá wọn sì ń bọ Ògún. Sàárà, ọ̀rọ̀ tó wá láti inú èdè Lárúbáwá, ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ilé. Babaláwo náà ń sọ fún oníbèéèrè pé kó lọ ṣe sàárà. Ẹran Iléyá kì í sì í bèèrè ẹ̀sìn kó tó wọ ìkòkò aládùúgbò.

Àwọn olóṣèlú pẹ̀lú rí i pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kì í ṣe ti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Isidore de Souza ni wọ́n fi ṣe alága àpérò orílẹ̀-èdè ní February 1990, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ tí ìjọba Ààrẹ Kérékou fi di ìlànà Marx mú. Ní 2015, olóṣèlú kan, Albert Tévoédjrè, pe àwọn ẹlẹ́sìn jọ sí Kútọnu, kí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ wọn lè di iṣẹ́ fún àlàáfíà àti ìdàgbàsókè.

Ní ìgbèríko Ṣábẹ, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bí iná ọyẹ́ bá jó abà ẹnì kan, ilé lémọ́ọ̀mù lè gbé àgbàdo wá, ilé pásítọ̀ lè gbé epo wá, àwọn abọ̀rìṣà á sì gbé àdá àti okùn lọ́wọ́. Kí oòrùn tó mú, wọ́n á ti máa gé igi abà tuntun. Kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ sílẹ̀, nítorí ọ̀wẹ̀ ni wọ́n wá ṣe.