Ẹja Tí A Kì Í Pa ní Òṣogbo

Ẹni tí ó bá dé etí odò Ọ̀ṣun nínú igbó rẹ̀ ní Òṣogbo yóò rí ẹja nínú omi, ṣùgbọ́n a kì í ju ìwọ̀ síbẹ̀, a kì í sì í na àwọ̀n. Kì í ṣe pé ará Òṣogbo kò mọ adùn ẹja. Májẹ̀mú ni, ó sì ti pẹ́. Ìtàn rẹ̀ ni a fẹ́ sọ lónìí.

Ìgèdè ní ilẹ̀ Èkìtì ni odò Ọ̀ṣun ti ṣẹ̀. Ó gba ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà kọjá, ó dé Òṣogbo, ó sì ń ṣàn lọ títí ó fi wọ inú ọ̀sà nítòsí Ẹpẹ́. Gbogbo apẹja ni ó mọ̀ pé odò ní ìgbà tirẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi a fà, ẹja a sì kó jọ sínú ibú. Nígbà òjò, omi a kún bo bèbè, arọ̀ a sì wọ inú koríko tí omi bò lọ láti yé ẹyin. Ẹni tí ó bá fi ìgèrè dí ọ̀nà wọn nígbà náà, ẹja ọdún tí ń bọ̀ ni ó ń pa mọ́ ti ọdún yìí.

Àwọn òyìnbó náà mọ èyí. Ní ọdún 1285, Ọba Edward Kìíní ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe pa ẹja tí wọ́n ń pè ní salmon nínú àwọn odò kan láti oṣù Kẹsàn-án títí di oṣù Kọkànlá. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ rú òfin náà, àwọ̀n rẹ̀ ni wọn yóò dáná sun. Àkókò ni àwọn wọ̀nyẹn fi ṣọ́ ẹja wọn. Ní Òṣogbo, ibi kan ni àwọn baba wa yà sọ́tọ̀.

Àwọn àgbà sọ pé àìrí omi ni ó mú kí Láròóyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ kúrò ní Ìpólé-Omu ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Wọ́n rí odò, wọ́n sì dó sí bèbè rẹ̀. Bí wọ́n ti ń gé igi, igi ńlá kan wó lu omi. Ohùn kan sì dún láti inú odò pé àwọn oṣó igbó ti fọ́ ìkòkò aró òun. Nínú “oṣó igbó” yìí ni wọ́n ní orúkọ Òṣogbo ti jáde. Ọ̀ṣun ní kí wọ́n sún kúrò létí omi. Bí wọ́n bá ń bọ òun lọ́dọọdún, òun yóò máa dáàbò bò wọ́n. Nígbà tí Láròóyè rúbọ, ẹja ńlá kan jáde láti inú odò, ó sì tẹ́wọ́ gbà á. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ọba Òṣogbo ní Atẹ́wọ́gbẹja, èyí tí ó di Àtáọ́já. Ẹja di ìránṣẹ́ Ọ̀ṣun. Ta ni yóò se ìránṣẹ́ ẹni tí ó gbà á là jẹ?

Ẹ̀yin ọmọ ilé ìwé, ẹ kíyè sí i pé ìpalára tí ènìyàn ṣe sí omi ni ìtàn yìí fi bẹ̀rẹ̀, àtúnṣe ni ó sì fi parí.

Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1950 sí 1960, májẹ̀mú náà fẹ́ bàjẹ́. Wọ́n ń gé igi inú igbó náà, ojúbọ sì ń wó. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ti dé Nàìjíríà ní 1950. Òun àti àwọn olórìṣà, pẹ̀lú àwọn oníṣẹ́ ọnà bí Adébísí Àkànjí àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí, tún àwọn ojúbọ náà kọ́. Ní 1965 ìjọba fi òfin dáàbò bo apá kan igbó náà. Ní 1992 ó kan gbogbo rẹ̀. Ní 2005 àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé gbogbo ayé. Hẹ́kítà 75 ni. A kò gbọdọ̀ pẹja, ṣọdẹ, tàbí gé igi níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin tí ó lè dá ìwọ̀ dúró ní Òṣogbo kò lè dá ẹrẹ̀ dúró lókè odò. Àwọn tí ń wa góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ń fọ erùpẹ̀ sínú omi, odò sì pọ́n bí ẹrẹ̀. Ní 2022 ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn tí ń bọ̀ wá sí ọdún Ọ̀ṣun pé kí wọ́n má ṣe mu omi náà, omi tí àwọn baba wọn ń bù mu fún ìwòsàn. Ẹrẹ̀ a máa bo ẹyin ẹja mọ́lẹ̀, a sì máa dí ìjàgbọ̀n tí ẹja fi ń mí. Ẹja tí a kò fi ìwọ̀ pa lè tipa bẹ́ẹ̀ kú.

Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Láròóyè ti wá. Láti ibẹ̀ náà ni omi ti ń ṣàn wá sí Òṣogbo. Odò kan ṣoṣo ni, kò mọ ààlà. Bí ará òkè odò bá fọ́ ìkòkò aró, ará ìsàlẹ̀ ni yóò rí àwọ̀ rẹ̀ nínú omi. Nítorí náà, májẹ̀mú tí Òṣogbo dá nìkan kò tó mọ́. Gbogbo ìlú tí ó ń bu omi Ọ̀ṣun ni ó yẹ kí ó bá a dá tirẹ̀.