Ọjọ́ Àjíǹde Tí Ọkọ̀ Bọ́ Sí Ọwọ́ Ọ̀tún

Aago méjìlá òru. Ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972 wọlé, òfin ojú pópó sì yí padà ní gbogbo Nàìjíríà. Ọwọ́ òsì tí ọkọ̀ ń gbà láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti di èèwọ̀. Ọwọ́ ọ̀tún ló kù. Ìjọba ológun Yakubu Gowon ló ṣe é. Ní Ìlọrin, David Bamigboye, ọmọ bíbí Òmù-Àrán, ni gómìnà Kwara, nítorí náà ọmọ ilé ló ń ṣèjọba lórí ọ̀nà tó gba Àjàṣẹ́-Ìpo wọ ìlú rẹ̀.

Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ilẹ̀ ń mọ́. Ọdún Àjíǹde ni. Nílẹ̀ Ìgbómìnà, níbi tí Òmù-Àrán wà, ìgbà yìí ni àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi máa ń wálé, tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú sì máa ń pèpàdé. Ẹni tó bá wálé ní Fúráìdé, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ rẹ̀ gbà bọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè tó bá ń padà sẹ́nu iṣẹ́, ọwọ́ ọ̀tún ni yóò gbà, lójú ọ̀nà kan náà.

Aago mẹ́sàn-án. Àsìkò ìsìn tó, àwọn èèyàn ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ní tèmi, àwọn ẹlẹ́sẹ̀ ni ẹrù ọjọ́ náà wúwo lé lórí jù. Awakọ̀ ní ìwé àṣẹ, ó ní gáréèjì tí a ti lè rí i bá sọ̀rọ̀. Ìyá tó ru iṣu bọ̀ láti oko ńkọ́? Tẹ́lẹ̀, ọ̀tún lèèyàn kọ́kọ́ ń wò kó tó sọdá, nítorí ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó sún mọ́ ọn ti ń bọ̀. Láti àárọ̀ yìí, òsì ni. Ohun tó ti mọ́ ọrùn lára kì í yí padà lóòjọ́, bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ kan ṣoṣo ti tó láti pààyàn.

Aago méjìlá ọ̀sán. Kí ló fà á? Dàhòmì tó di Benin, Niger, Chad àti Kamẹrúùnù, ọwọ́ ọ̀tún ni gbogbo wọn ń gbà. Àwa nìkan la dá yàtọ̀ láàárín wọn. Sweden ti ṣe tirẹ̀ ní 1967, Sierra Leone ní 1971. Gánà tẹ̀ lé wa ní oṣù kẹjọ ọdún 1974.

Aago méjì. Òfin yí padà, ṣùgbọ́n sítíárìn ò kúrò níbi tó wà. Ọ̀tún ni wọ́n ṣe é sí nínú àwọn ọkọ̀ tó ti Ìlú Ọba wá. Dẹ́rẹ́bà tó ti ń jókòó sí àárín títì wá rí ara rẹ̀ létí igbó. Bó bá fẹ́ ya lọ́rì tó wà níwájú rẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀yìn lọ́rì náà ló dí i lójú. Kò rí ẹni tó ń bọ̀ níwájú. Ọmọ ọkọ̀ tó jókòó lápá òsì ló rí i. Ẹnu ọmọ ọkọ̀ ni ẹ̀mí gbogbo èrò wà nígbà náà: bó bá ní “ọ̀nà ṣí” tí ọ̀nà ò sì ṣí, ó parí nìyẹn. Ilẹ̀kùn tí èrò ń gbà bọ́ sí etí ọ̀nà tẹ́lẹ̀ sì ti kọjú sí àárín títì.

Aago méje ààbọ̀ alẹ́. Oòrùn ti wọ̀. Àjíǹde kì í bọ́ sí ìgbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, ẹ̀yìn àranmọ́jú ló máa ń wá, nítorí náà òṣùpá ò ní yọ títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá. Òkùnkùn biribiri. Àwọn ọkọ̀ Ìlú Ọba wọ̀nyẹn, bí wọ́n bá rẹ iná wọn sílẹ̀, apá òsì ni ìmọ́lẹ̀ ń tẹ̀ sí. Etí igbó ló ń mọ́lẹ̀ sí tẹ́lẹ̀. Ní alẹ́ yìí, ojú awakọ̀ tó ń bọ̀ ló ń tàn sí.

Aago mẹ́wàá. Òṣùpá yọ. Ẹni tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́jọ́ náà ti kọjá ọgọ́ta báyìí. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, láti Òmù-Àrán dé Èsìẹ́, ní ìpàdé Àjíǹde tó ń bọ̀, ẹ pè wọ́n jókòó, ẹ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí ìjọba bá sì tún fẹ́ yí ọ̀nà wa padà, ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ bá àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn sọ̀rọ̀.