Igbó Ìgbafẹ́ Lẹ́kì

Lekki Conservation Centre ni igbó ìgbafẹ́ tó gbajúmọ̀ jù lọ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀gbẹ́ títì márosẹ̀ Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ ló wà, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Etí-Ọ̀sà, ó sì dojú kọ ọ́fíìsì ilé-iṣẹ́ epo Chevron. Ẹni tó bá wọ dáńfó tó ń lọ sí Àjáh, kó ṣáà ti sọ pé Chevron lòun ti máa bọ́ sílẹ̀. Hẹ́kítà 78 ni ilẹ̀ rẹ̀, ó fi díẹ̀ ju Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo lọ. Ti Òṣogbo ní òrìṣà tó ń ṣọ́ ọ. Ti Lẹ́kì kò ní ju ọgbà àti àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ lọ, bẹ́ẹ̀ àárín àdúgbò tí gbogbo ayé ti ń wá ilẹ̀ rà ló wà.

Nigerian Conservation Foundation, tí Olóyè Shafi Lawal Edu dá sílẹ̀ ní 1980, ló ń bójú tó o. Ọdún 1990 ni wọ́n ṣí i, Chevron sì náwó lé e lórí gan-an. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè Edu, ẹni tó sì dàgbà létí ọ̀sà kì í fojú kéré àbàtà.

Bẹ́ẹ̀, àbàtà ni pàtàkì igbó yìí. Ilẹ̀ tóóró láàárín òkun àti ọ̀sà ni Lẹ́kì títí dé Àjáh: yanrìn níbìkan, irà níbòmíràn. Inú irà ni omi òjò máa ń gbà lọ, táá sì rọra wọlẹ̀. Nígbà tí ilé dé, wọ́n da yanrìn dí ibi púpọ̀ nínú irà náà, ìdí nìyí tí omi fi ń wọ ilé onílé tí òjò oṣù kẹfà àti ìkeje bá dé. Nínú ọgbà yìí, igi ògùrọ̀ ṣì dúró sínú omi rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Lẹ́kì ṣe rí kí ilé tó kún un, ibẹ̀ ni kó lọ.

Ojú ọ̀nà pákó tí wọ́n gbé sókè omi ni àlejò ń rìn. Ọ̀bọ mónà ló sábà máa ń kọ́kọ́ yọ. A fi àmì funfun méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrù rẹ̀ ń dá a mọ̀, ó sì máa ń kó oúnjẹ pamọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ẹ má ṣe fún un lóúnjẹ, ẹ sì má ṣe gbé búrẹ́dì lọ́wọ́. Ọ̀bọ tí ènìyàn bá ti mú mọ́ra báyìí, jíjá nǹkan gbà ló kù. Ọ̀nì àti awọ́nríwọ́n wà níbi irà, ọ̀kẹ́rẹ́ wà lórí igi, ẹyẹ pọ̀. Pápá oníkoríko kan wà tí àwọn ẹbí ti ń jẹun, tí wọ́n sì ti ń ta dráàfù lórí ọpọ́n ràgàjì tí a tẹ́ sílẹ̀.

Afárá orí igi ni ọ̀pọ̀ ènìyàn torí rẹ̀ wá. Wọ́n ṣí i ní 2015. Mítà 401 ni gígùn rẹ̀, òun ló sì gùn jù ní Áfíríkà. Ti Kakum ní Gánà, tó ti wà láti 1995, tó nǹkan bíi 350. Ó tóóró, ó ń mì, ẹni tí òyì ń kọ́ kó má gùn ún. Owó rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ẹnu ọ̀nà. Ó dùn ún gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó sáré gùn ún, tó ya fọ́tò, tó sì padà sílé, kò tíì rí igbó. Ọ̀nà pákó ìsàlẹ̀ ló tọ́ kí a fi àkókò sí, láìpariwo, nítorí ariwo ń lé ẹran.

Bàtà pẹlẹbẹ ló dára, torí pákó máa ń yọ̀ lásìkò òjò. Láti aago mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń ṣí, òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ló sì tura jù. Ẹ̀yin olùkọ́ Lẹ́kì àti Àjáh, ẹ má ṣe fi ìrìn àjò yìí mọ sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan. Ẹ kó àwọn ọmọ lọ nígbà tí omi bá kún àbàtà, kí wọ́n fojú ara wọn rí ibi tó yẹ kí omi òjò máa lọ.