Kí ló dé tí NASCAR kì í bá òjò ṣeré?

Tó bá jẹ́ Formula 1 lẹ ti mọ̀, ẹ̀ ẹ́ rò pé ọ̀rọ̀ òjò ò le: wọ́n á pààrọ̀ táyà, eré á máa lọ. NASCAR ti Amẹ́ríkà ò rí bẹ́ẹ̀. Tí òjò bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí pápá wọn tó rí bí ẹyin, àsíá yẹ́lò á jáde kí gbogbo ọkọ̀ rọra máa lọ. Bí kò bá dá, àsíá pupa ló kàn, kálukú á dúró.

Kì í ṣe pé àwọn awakọ̀ yẹn ń ṣojo o. Táyà wọn ló jọ̀lọ̀, kò ní ìlà kankan tó lè da omi nù. Ẹni tó bá ti fi táyà tó ti jẹ tán wakọ̀ nínú òjò mọ ohun tí mò ń sọ. Tiwọn tún wá le jù, torí kọ́nà pápá Daytona fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ní dígírì 31, ti Talladega jẹ́ 33. Bí ilẹ̀ ibẹ̀ bá ti yọ̀, ògiri ló kù.

Ibi tó ti ń dunni nìyí: tí wọ́n bá ti sá ìdajì eré, tàbí tí abala kejì bá ti parí, òjò lè fòpin sí i, ẹni tó bá wà níwájú ló gbà á. Ní Daytona 500 ti 2009, Matt Kenseth kọjá Elliott Sadler, kò pẹ́ sígbà yẹn ni òjò dé. Ìyípo 152 nínú 200 ni wọ́n parí ẹ̀ sí. Kenseth gbé ife lọ. Ẹ wá ro ti Sadler wò! Ìdí nìyẹn tí àwọn tó wà nídìí ọkọ̀ fi máa ń wo ojú ọ̀run lórí rédà bí wọ́n ṣe ń wo eré. Tí òjò bá ti ń bọ̀, ẹlòmíì ò ní yà fún epo mọ́, á fẹ́ wà níwájú kó tó dé.

Láti gbẹ pápá, ọkọ̀ tó gbé ẹ́ńjìnnì bíi ti ọkọ̀ òfurufú máa ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sílẹ̀. Ní 2012, tí òjò kọ́kọ́ sún Daytona 500 sí Mọ́ńdè, nǹkan bàjẹ́ lára ọkọ̀ Juan Pablo Montoya, ló bá lọ kọlu ọ̀kan nínú wọn. Iná sọ lójú pápá. Ọlọ́run yọ àwọn méjèèjì. Láti 2013, wọ́n ti fi ẹ̀rọ Air Titan kún un, atẹ́gùn tí wọ́n fún pọ̀ nìyẹn fi ń gbá omi dànù.

Lórí pápá tó ní kọ́nà ọ̀tún àti òsì, wọ́n ní táyà òjò. Wọ́n lò ó ní Texas ní 2021, àmọ́ omi tí ọkọ̀ ń ta sẹ́yìn ò jẹ́ káwọn tó ń bọ̀ ríran, ọkọ̀ gbára wọn, wọ́n sì dá eré náà dúró kó tó parí. Chase Elliott ló gbà á.

2023 ni wọ́n wá gbà á láyè lórí àwọn pápá ẹlẹ́yin kéékèèké, pẹ̀lú wáípà àti iná ẹ̀yìn. Ilẹ̀ tútù ni wọ́n ṣe é fún o, kì í ṣe òjò tó ń rọ̀ gan-an. Ní New Hampshire, oṣù Kẹfà 2024, wọ́n dúró lé ní wákàtí méjì, wọ́n fi táyà òjò padà sórí pápá, Christopher Bell sì borí. Látijọ́, ilé ni kálukú ò bá gbà lọ.

Daytona àti Talladega ò sí nínú ètò yìí. Lóṣù Kejì 2024, òjò tún sún Daytona 500 sí Mọ́ńdè.